Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tí Wọ́n Ti Ń Kàwé Lóòótọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá A Mọ̀

"Ipò kelòó ni ilé-ìwé yẹn wà?" Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ gba oyè àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sọ́nà. Mi ò bá òbí wí fún ìbéèrè náà, owó tabua ni wọ́n fẹ́ ná. Ṣùgbọ́n ipò kò lè sọ fún yín ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí àwọn olùkọ́ ti lọ sílé, tó wá ku ọmọ yín àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgùntàn tó bá ajá rìn, dandan ni kó jẹ ìgbẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ìwé títí dé ibi oúnjẹ, ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé tó bẹ́ẹ̀ pàápàá á bá wọn kà. Níbi tó jẹ́ pé láti Ọjọ́bọ̀ ni àríyá ti ń bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ọmọ tó fẹ́ kàwé á máa fara pamọ́ kà á.

Ẹ wo Reed College ní ìlú Portland, ìpínlẹ̀ Oregon. Ilé-ìwé kékeré ni, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò tó 2,000. Kíláàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Humanities 110 tí gbogbo ọmọ ọdún àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, ì báà jẹ́ kẹ́místírì ló bá dé, ì báà jẹ́ ijó. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń kà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni tí ọmọ bá bá pàdé níbi oúnjẹ ti ka ohun tí òun náà kà, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máàkì ibẹ̀ ló máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu jù. Wọ́n ń kọ máàkì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ṣe dáadáa, wọn kì í fi í lé e lọ́wọ́ àfi tó bá béèrè. Ohun tí wọ́n ń dá padà fún un ni iṣẹ́ tó kọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ olùkọ́ létí ìwé. Ọmọ kan tí mo tọ́ sọ́nà lọ sí ilé-ìwé tó ń ṣe irú èyí. Láti pírámárì ni wọ́n ti máa ń pè é síta ní àsẹ́ńbílì pé òun ló gba ipò kìn-ín-ní. Ó ya fọ́tò àròkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: ojú ewé márùn-ún, yíǹkì aláwọ̀ ewé kún etí rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Níbì kan, olùkọ́ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Kò sí máàkì kankan. Ọmọ náà pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Mà, ṣé mo féèlì ni?" Mo ní kó lọ dáhùn ìbéèrè olùkọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi wá ìdáhùn. Kò tíì sí ìdánwò tó mú un kàwé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ọmọ Reed tó wọ ọdún ìkẹyìn, ìdánwò kan wà tó gbọ́dọ̀ yege nínú ẹ̀ka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa fi odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, wọ́n á sì bi í léèrè lójúkojú nígbà tó bá parí. Dandan ni fún gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé àwa náà ń kọ pròjẹ́ẹ̀tì nílé, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti wo ti ẹlòmíì kọ nígbà tí olùkọ́ ti ń bá ọmọ wo iṣẹ́ náà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1995 sì ni Reed ti kọ̀ láti máa fi ìròyìn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí U.S. News tó ń to àwọn ilé-ìwé ní ipò. Òbí tó ń fi ipò wá ilé-ìwé lè kọjá rẹ̀ láì mọ̀.

Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore, nítòsí Philadelphia, tún yàtọ̀. Láti ọdún 1922 ni wọ́n ti ní ètò kan fún àwọn tó bá fẹ́ ẹ: àwọn onímọ̀ láti ilé-ìwé mìíràn ló ń wá dán ọmọ wò, lórí ìwé àti lẹ́nu. Olùkọ́ tó kọ́ ọ kọ́ ló máa dájọ́. Èyí wù mí gan-an, torí olùkọ́ àti ọmọ á wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, wọ́n á jọ máa múra de àlejò.

Kì í ṣe àwọn kékeré nìkan ló ń fi ìwé ṣáájú eré. Yunifásítì Chicago fagi lé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lọ́dún 1939, nígbà tí Robert Hutchins jẹ́ olórí ibẹ̀, kò sì dá a padà sínú ìdíje títí di 1969.

Báwo wá ni ẹni tó wà ní Ìbàdàn ṣe máa mọ èyí láì wọ bààlúù? Ẹ tẹ orúkọ ilé-ìwé náà pẹ̀lú "Common Data Set" sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ iye àti ìròyìn tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń gbé jáde. Ẹ máa rí iye kíláàsì tí ọmọ inú rẹ̀ kò tó ogún, àti iye àwọn tó wọlé tó sì gboyè láàárín ọdún mẹ́fà. Iye kejì yẹn ṣe pàtàkì sí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ilé-ìwé bá le, tí ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Kíkàwé gidi kò gbọdọ̀ di ìyà. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tó rẹ̀wẹ̀sì pátápátá nítorí kò sí ẹni tó ń bi í pé ṣé ó jẹun.

Ẹ béèrè bóyá gbogbo ọmọ ló ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní ọdún ìkẹyìn àbí ẹni tó bá wù. Ẹ tètè béèrè ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń wo iye tí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè lè san kí wọ́n tó gbà á. Díẹ̀ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst ní ìpínlẹ̀ Massachusetts wà lára wọn.

Ní ìparí oṣù Kẹta ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìgbaniwọlé máa ń dé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń retí èsì. Oṣù kan yẹn ni kí ẹ lò dáadáa. Ẹ ní kí ilé-ìwé so ọmọ yín pọ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì nínú ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀. Kó bi wọ́n pé: kí lẹ kà lọ́sẹ̀ yìí tó fa àríyànjiyàn nígbà tí ẹ jáde ní kíláàsì? Ẹni tó ń gbé inú ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ pè, kí ẹ̀yin sì jáde nínú yàrá.