Go-slow tí ò nídìí, àti mọ́tò tó ń fúnra ẹ̀ tẹ bíréèkì

Lọ́dún 2008 ni àwọn onímọ̀ kan ní Japan gbé èsì ìdánwò kan jáde. Wọ́n ní kí mọ́tò 22 máa tẹ̀ léra wọn lórí ọ̀nà róbótó tó jẹ́ mítà 230, kí wọ́n máa sá bíi kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Kò sí kòtò, kò sí iná tráfíìkì, kò sẹ́ni tó já wọlé láti ẹ̀gbẹ́, síbẹ̀ kò pẹ́ tí go-slow fi bẹ̀rẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ dúró pátápátá. Ẹnì kan fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀, ẹni ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ́ kó tó rí i nítorí náà ó tẹ tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ṣe ń le sí i títí tó fi di ìgbì tó ń rìn sẹ́yìn nígbà tí àwọn mọ́tò ń lọ síwájú.

Ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní car-following model. Orúkọ ẹ̀ ló le jù níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta péré ló fẹ́ mọ̀ nípa mọ́tò kọ̀ọ̀kan: eré tó ń sá, àyè tó wà láàárín òun àti ti iwájú, àti bí àyè yẹn ṣe yára ń dín kù tó. Ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ bóyá kó fi kún eré ni àbí kó dín in kù.

Adaptive cruise control, ẹ̀rọ tó ń fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé mọ́tò iwájú, náà ń ṣe irú ìṣirò yìí. Àwọn kan rò pé tó bá ti dọwọ́ kọ̀ǹpútà, go-slow parí nìyẹn. Rárá o! Tí mọ́tò iwájú bá dẹ eré díẹ̀, ṣé tìẹ á dẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbí á kéré sí tiẹ̀? Tó bá kéré, ìgbì yẹn á kú. Ìyẹn ni string stability. Wọ́n dán oríṣi méje tí wọ́n ń tà lọ́jà wò ní Amẹ́ríkà, méjèèje ló ń mú un le sí i.

Bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò kan ní ìlú Tucson, ní Amẹ́ríkà, mọ́tò kan ṣoṣo láàárín ohun tó lé ní 20, tí wọ́n ṣètò ẹ̀ kó máa rọra lọ kó sì fàyè sílẹ̀, ló pa ìgbì ọ̀hún, epo tí gbogbo wọn ń jó sì fi tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ṣùgbọ́n orí róbótó lèyí, kò sẹ́ni tó lè já wọnú àyè tó o fi sílẹ̀. Lójú títì gidi wọ́n á já wọbẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ 100 lọ dán wò lórí I-24, òpópónà ńlá kan ní ìlú Nashville, ní Amẹ́ríkà, lóṣù kọkànlá ọdún 2022.