Ẹni tó ni ọjà ló ni ojú ìwé: bí White Dwarf ṣe yí padà láti 1977

Bí èèyàn bá gbé ẹ̀dà White Dwarf ọdún 1980 sí ẹ̀gbẹ́ ti ọdún 2020, ó lè jiyàn pé màgásíìnì kan náà kọ́ nìyẹn. Orúkọ kò yí padà. Games Workshop, ilé-iṣẹ́ eré ogun orí tábìlì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣì ni ín. Ohun tó yí padà ni irú ọjà tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà àti ọ̀nà tí ọjà ń gbà dé ọwọ́ oníbàárà, ojú ìwé sì ń tẹ̀ lé ọjà. Ibẹ̀ lèèyàn ti lè rí ìdí tí abala kan fi kú tí òmíràn fi bẹ̀rẹ̀.

Ní 1975 ni Ian Livingstone, Steve Jackson àti John Peake dá Games Workshop sílẹ̀ ní London. Ìwé ìròyìn kékeré kan tó ń jẹ́ Owl and Weasel ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1977, White Dwarf rọ́pò rẹ̀. Livingstone fúnra rẹ̀ ni olóòtú, oṣù méjì-méjì ló sì ń jáde. Ó di 1982 kó tó di olóṣooṣù. Eré tí wọ́n ń kó wọlé láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń tà nígbà náà, Dungeons & Dragons, eré tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe bí akọni kan nínú ìtàn, ló ṣáájú, Traveller àti RuneQuest tó jẹ́ irú eré kan náà sì tẹ̀ lé e. Àwọn ẹlòmíràn ló ṣe òfin àwọn eré wọ̀nyí, nítorí náà òfin kọ́ ni màgásíìnì ń tà. Ohun tí àwọn òǹkàwé bá fi kún òfin ló ń tà.

Abala Fiend Factory ló fi èyí hàn jù. Òǹkàwé á hùmọ̀ ẹ̀dá abàmì kan, á sì kọ ìṣirò rẹ̀: iye tó máa ń rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ara rẹ̀ ṣe le sí idà, iye dáìsì tí wọ́n máa jù láti mọ bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ìpalára tí ìkọlù rẹ̀ ń ṣe, ìṣúra tó ń ṣọ́, àti ìwà rẹ̀. Don Turnbull tó jẹ́ olóòtú abala náà á wá ṣa èyí tó dára. Ìṣàyàn yìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí àṣìṣe kan wọ́pọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹni tó hùmọ̀ ẹ̀dá á fún un ní agbára tó ń pa èèyàn lójú ẹsẹ̀, kò sì ní fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí òṣèré lè gbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ dùn ún kà, àmọ́ kò ṣe é fi ṣeré. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó yege wọ inú Fiend Folio, ìwé tí TSR, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Dungeons & Dragons, gbé jáde ní 1981. Githyanki tí Charles Stross hùmọ̀ wà lára wọn, Dungeons & Dragons sì ń lò ó títí dòní.

Abala Open Box náà wà, níbi tí wọ́n ti ń yẹ eré tuntun wò tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá, eré ilé-iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Láti 1983, Dave Langford ń yẹ ìwé ìtàn àròsọ wò nínú Critical Mass. Ojú ìwé inú ṣì jẹ́ dúdú àti funfun ní ọ̀pọ̀ jù lọ. Ère irin tí kò tíì rí ọ̀dà rárá ló kún inú ìpolówó.

Citadel Miniatures ló da gbogbo rẹ̀ rú. Games Workshop àti Bryan Ansell dá a sílẹ̀ ní Newark ní 1979 láti máa rọ ère irin. Wàyí o, ẹni tó ń ṣe Dungeons & Dragons kò nílò ju ère kan ṣoṣo tó dúró fún òun alára. Ẹni tó bá ń kó ọmọ ogun jọ nílò ọgọ́ta, ọgọ́rin, ó sì tún máa padà wá ra ẹṣin àti àwọn tó ń tafà. Warhammer, eré ogun Games Workshop tó jáde ní 1983, ló pèsè òfin tó ń fẹ́ ère púpọ̀, Warhammer 40,000 sì tẹ̀ lé e ní 1987. Láti ìgbà náà, ojú ìwé tó bá ń yin eré ẹlòmíràn ti di ojú ìwé tí kò ta ọjà ilé. Ní 1986 iṣẹ́ kó kúrò ní London lọ sí Nottingham, Livingstone sì kúrò lórí àga olóòtú. Kí ẹ̀wádún náà tó parí, Open Box ti lọ, Critical Mass ti lọ, ìrìn-àjò Dungeons & Dragons ti lọ; eré Games Workshop nìkan ló kù. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé àtijọ́ bínú, ẹjọ́ wọn sì tọ́. Ìdájọ́ tí kò ṣègbè lórí eré gbogbo ilé-iṣẹ́ kúrò nínú màgásíìnì náà nígbà yẹn, kò sì padà wá.

Àmọ́ èrè wà níbẹ̀. Owó ère irin ló mú àwọ̀ wọ ojú ìwé, àwọ̀ ló sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọ̀dà kíkùn ṣeé ṣe. 'Eavy Metal ni orúkọ abala àti àwọn akunère ilé-iṣẹ́ náà. Ère tí kò ga ju mìlímítà 28 sí 32 lọ, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé kó tóbi ju bó ṣe rí gan-an lọ, àbùkù tí ojú kò rí lórí tábìlì á wá fara hàn kedere. Yíǹkì mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, dúdú sì ni ọ̀kan nínú wọn. Wúrà àti fàdákà tó ń kọ mọ̀nà lójú ò lè kọ mọ̀nà lórí bébà. Wọ́n á di bíráùn àti eérú. Ìdí nìyí tí irú kíkùn yìí fi ń fi ìlà tínínrín tó mọ́lẹ̀ sí etí ìhámọ́ra àti idà: etí náà ní láti hàn kódà nígbà tí fọ́tò bá dín kù.

Ètò ẹ̀kọ́ kíkùn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wọ́n á fọ́n ọ̀dà ìpìlẹ̀ sára ère láti ibi tó jìn tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Tí wọ́n bá sún mọ́ ọn jù, ọ̀dà á bo ojú àti ìka ère. Tí wọ́n bá jìnnà jù, pàápàá nígbà tí ooru mú, ọ̀dà á gbẹ lójú ọ̀run, á sì bọ́ sára ère bí iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ gangan, tí wọ́n bu omi là: fífẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dára ju kíki lẹ́ẹ̀kan lọ. Ọ̀dà olómi dúdú á ṣàn sínú kòtò aṣọ àti ìṣẹ́po ìhámọ́ra. Wọ́n á tún fi àwọ̀ àkọ́kọ́ bo ibi tó yọ sókè, kí etí tó gba ìlà tó mọ́lẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti le ni fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan. Ère tó ti gba ọ̀dà kẹta ò lè padà sí ọ̀dà kìíní. Tí fọ́tò ìpele kejì bá bàjẹ́, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà tó dájú ni kí wọ́n kun ère kan náà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n dá ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí ìpele tirẹ̀, kí wọ́n sì ya gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà lábẹ́ iná kan náà. Tí iná bá yí padà láàárín fọ́tò méjì, òǹkàwé á rò pé àwọ̀ ló yí padà, á sì máa wá ọ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò lò. Ẹni tó ń lo ìwé àwọn ọdún 1990 tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ orúkọ àwọn ọ̀dà Citadel ní 2012: Chaos Black di Abaddon Black, Boltgun Metal sì di Leadbelcher.

Ìròyìn ogun ni abala tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kọ́kọ́ ń ṣí. Òṣèré méjì á fẹnu kò lórí iye pọ́ìntì, ìyẹn iye tí agbára ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ kọjá, bóyá 1500 tàbí 2000, oníkálukú á sì to ọmọ ogun rẹ̀ láì jẹ́ kí ìkejì rí i. Wọ́n á tẹ àkójọ méjèèjì sínú ìwé pẹ̀lú ìdí tí ọ̀gágun fi mú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà bí ẹni pé láti òkè: igbó, òkè, ilé, àti ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró sí kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà tí òṣèré méjèèjì bá ti ṣe tiwọn tán, ní àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀, ọfà sì ń fi hàn ibi tí ẹgbẹ́ gbà. Eré tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kan lè gba odindi ọjọ́, nítorí gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ dúró ní òpin ìyípo kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì kọ ẹni tó kú àti dáìsì tó yí ogun padà sílẹ̀. Ohun tó ń ba ìròyìn ogun jẹ́ kò pọ̀: ẹnì kan á ti gbé ère kúrò kí kámẹ́rà tó yà á, tàbí kí àwòrán ilẹ̀ ìyípo kẹta ṣì gbé ẹgbẹ́ tó ti kú ní ìyípo kejì. Òǹkàwé tó ń fi ìka tọ ọfà á rí i kíá, kò sì ní gba ìyókù gbọ́ mọ́.

Òfin tuntun náà ń jáde nínú ojú ìwé. Ní 2007 wọ́n tẹ odindi òfin Blood Angels, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun inú Warhammer 40,000, sínú ẹ̀dà méjì tó tẹ̀ léra, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ogun mìíràn, Sisters of Battle, ní 2011. Èyí ń mú ẹ̀dà tà wàràwàrà, ṣùgbọ́n ẹni tí apá kejì bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ọmọ ogun tí kò lè lò. Ìdajì òfin kò yàtọ̀ sí àìní òfin rárá. Nínú àwọn ẹ̀dà ọdún 1990, ojú ìwé tún wà fún ríra ọjà nípasẹ̀ fóònù àti lẹ́tà: orí, apá, idà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fọ́tò àti nọ́ńbà rẹ̀, kí oníbàárà lè ra apá òsì kan ṣoṣo. Abala yẹn wúlò gidigidi fún ẹni tó ń gé ère kan mọ́ òmíràn.

Àkókò ló wá di ìṣòro. Màgásíìnì olóṣooṣù ń gba oṣù mélòó kan kó tó tẹ̀ tán: ère gbọ́dọ̀ ti wà, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kùn ún, wọ́n gbọ́dọ̀ ti yà á, òfin rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dúró, kí atẹ̀wé tó gba iṣẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ò ní sùúrù yẹn, fọ́tò ère tuntun á ti káàkiri kí ẹ̀dà tó dé orí àtẹ. Ní oṣù kejì 2014, White Dwarf di ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń jáde ní Sátidé, ó fẹ́lẹ́, £2.40 ni iye rẹ̀, ó ń sọ ohun tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà àti ohun tí wọ́n lè sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Fọ́tò lọ sínú ìwé olóṣooṣù mìíràn, Warhammer Visions, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù keje 2015, ẹ̀dà 75 ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà gbé òfin olójú-ìwé mẹ́rin ti Age of Sigmar, eré ogun Warhammer tuntun, àti ère kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ètò yìí yára, kò sì jinlẹ̀. Ìwé tín-ín-rín kò ní àyè fún ìròyìn ogun tó ní àwòrán ilẹ̀ ìyípo mẹ́fà, ìwé fọ́tò kò sì kọ́ni ní nǹkan kan. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti Visions dáwọ́ dúró, White Dwarf padà di olóṣooṣù nínlá, ère kan sì bá ẹ̀dà àkọ́kọ́ wá. Ilé-iṣẹ́ ti ń fi ìròyìn ojoojúmọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, nítorí náà màgásíìnì ò ní láti sáré mọ́. Ó gba ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń fò: ìtàn ogun tó ń tẹ̀ síwájú láti oṣù dé oṣù bíi Flashpoint, Tome Celestial fún àwọn ẹgbẹ́ Age of Sigmar, ìjà kékeré fún Kill Team àti Warcry. Ẹ̀dà 500 jáde ní 2024.

Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn àtijọ́ lè rí púpọ̀ nínú wọn lórí Warhammer+, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2021. Ẹni tó fẹ́ èyí tó ṣeé dì mú gbọ́dọ̀ yẹ àárín ìwé wò kó tó sanwó. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n fi pín-ìnì méjì dì máa ń ní páálí ilé àti káàdì àgékúrò ní àárín, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọdé ìgbà yẹn kọ́kọ́ ń tú. Pín-ìnì tó ti tẹ̀ kọdọrọ tàbí tó ti dípẹtà sábà máa ń fi hàn pé nǹkan ti jáde. Kó ka ojú ìwé pẹ̀lú: bébà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ká sí méjì ń fúnni ní ojú ìwé mẹ́rin, nítorí náà bí iye ojú ìwé tó kù kò bá ṣeé pín sí mẹ́rin, nǹkan ti ya kúrò. Ẹ̀dà 95 ti 1987 ní tirẹ̀ wá pẹ̀lú àwo orin pẹlẹbẹ tó rọ̀ bíi bébà, ti ẹgbẹ́ olórin Sabbat; bí olùtà kò bá mẹ́nu kan àwo náà, kí ẹni tó fẹ́ rà béèrè rẹ̀ kó tó fi owó sílẹ̀.