Bí súnámì ṣe ń gbéra nísàlẹ̀ òkun, àti bí agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù lọ́nà

Kì í ṣe gbogbo ìmìtìtì ilẹ̀ ló ń bí súnámì, ìyẹn ìgbì ńlá tó ń ti ìsàlẹ̀ òkun gbéra. Àfi kí ìsàlẹ̀ òkun gbéra sókè tàbí kó rì lójijì. Ilẹ̀ ayé pín sí abala ńláńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ọ̀kan ti ń wọ abẹ́ èkejì, wọn a máa há mọ́ra, ti ìsàlẹ̀ a sì máa fa etí ti òkè tẹ̀. Ọjọ́ tó bá já, ti òkè á ta padà, á gbé gbogbo omi orí rẹ̀ dìde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí erékùṣù Sumatra ní Indonesia nìyẹn ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, tó pa èèyàn tó lé ní 220,000. Ibi tó ya gùn ju 1,000 kìlómítà lọ.

Ìgbì tí atẹ́gùn ń tì, òkè omi ló mọ. Ti súnámì, látòkè délẹ̀ ni. Níbi tí òkun bá jìn tó 4,000 mítà, eré rẹ̀ á tó 700 kìlómítà ní wákàtí kan, síbẹ̀ ó lè má ga tó mítà kan. Ọkọ̀ á gba orí rẹ̀ kọjá láìfura.

Ará Ìwopin tó ń gbé etí ọ̀sà mọ bí ìgbì ṣe ń rọ̀. Ìgbì ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì tó fẹ́ dojú ọkọ̀ àjẹ̀ dé láàárín omi, bó bá fi máa dé èbúté, koríko ló kàn ń mì. Agbára rẹ̀ ti fọ́n ká. Ṣùgbọ́n ti súnámì kì í fọ́n ká dọ́gbadọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó ya ló ń kọjú agbára sí, kì í ṣe orí àti ìdí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti ọdún 2004, tí ilẹ̀ rẹ̀ ya láti gúúsù lọ sí àríwá, fi pa èèyàn ní Somalia lọ́hùn-ún, lápá ìwọ̀ oòrùn, tí Bangladesh tó wà nítòsí, lápá àríwá, fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n lára.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun bọ́ torí pé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà. Bí òkun ò bá ti jìn mọ́ létí ilẹ̀, eré iwájú ìgbì á dín kù, ẹ̀yìn á ṣì máa sáré bọ̀, omi á wá gùn lé ara wọn. Ti Chile lọ́dún 1960 rin nǹkan bíi wákàtí 15 kó tó pa èèyàn 61 ní Hilo ní Hawaii.

Ní ti etíkun Ìjẹ̀bú, lápá Ogun Waterside, Òkun Àtìláńtíìkì ló kọjú sí, àárín òkun yẹn sì rèé, ńṣe ni àwọn abala ilẹ̀ ń fà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn tàbí kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ ra ara wọn. Ilẹ̀ lè mì níbẹ̀, àmọ́ kì í sábà gbé omi sókè. Ìgbì ọdún 2004 pàápàá yí gúúsù Áfíríkà po dé Takoradi ní Ghana. Ẹ̀rọ tó ń wọn òkun ló rí i.