Ìtọ́jú àfọwọ́ṣe fún oríkèé ara

Ìtọ́jú àfọwọ́ṣe fún oríkèé jẹ́ ọ̀nà ìwòsàn tí oníṣègùn ń gbà fi ọwọ́ lásán di eegun méjì tó pàdé mú, tí á wá máa ti ọ̀kan lórí èkejì díẹ̀díẹ̀, kí ìrora lè dínkù, kí oríkèé tó ti gan sì lè padà máa yí. Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, àti ti osteopathy àti chiropractic (ẹ̀ka ìwòsàn méjì tó ń fi ọwọ́ tọ́jú eegun àti oríkèé), ló ń lò ó, bí àlàyé tí oníkálukú ń ṣe nípa rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀. Ó yàtọ̀ sí ìfọwọ́ra: ẹran ara àti iṣan ni ẹni tó ń fọwọ́ ra ara ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí eegun ti pàdé eegun ni èyí dojú kọ.

Ìtàn

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìṣègùn Gíríìsì ayé àtijọ́ tí wọ́n kà sí ti Hippocrates ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń na aláìsàn gbọọrọ lórí pátákó, tí ẹlòmíràn á sì máa tẹ ibi tó yọ gọngọ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ àwọn ato-eegun ni iṣẹ́ náà bọ́ sí ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ dókítà kò sì kà wọ́n kún. Lọ́dún 1867, James Paget, gbajúgbajà oníṣẹ́ abẹ ní London, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ato-eegun ń wo àwọn kan sàn tí dókítà ti wò tì, ó sì gbà wọ́n níyànjú láti kọ́ èyí tó dára níbẹ̀, kí wọ́n sì yẹra fún èyí tó burú. Ní Amẹ́ríkà, Andrew Taylor Still gbé osteopathy kalẹ̀ ní 1874, D. D. Palmer sì bẹ̀rẹ̀ chiropractic ní 1895.

Láàárín àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, àwọn mẹ́ta ni orúkọ wọn hàn jù: Geoffrey Maitland ní Ọsirélíà, tí ìwé rẹ̀ lórí eegun ẹ̀yìn jáde ní 1964, Freddy Kaltenborn ní Nọ́wè, àti Brian Mulligan ní New Zealand. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, IFOMPT, bẹ̀rẹ̀ ní Montreal lọ́dún 1974.

Yíyí àti yíyọ̀

Ohun tí gbogbo ìtọ́jú yìí dúró lé ni pé oríkèé kì í kàn yí bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lára àgbékọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé apá sókè, orí eegun apá ń yí nínú ihò ejìká, ó sì tún ń yọ̀ wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá yọ̀, yóò lọ fún ohun tó wà láàárín òun àti eegun òkè èjìká mọ́lẹ̀. Yíyọ̀ yìí kéré gan-an, kò sì sí ẹni tó lè dá a ṣe fúnra rẹ̀: iṣan wa lè gbé apá, kò lè yọ orí eegun nìkan. Ìdí nìyẹn tó fi gba ọwọ́ ẹlòmíràn.

Kaltenborn gbé ìlànà kan kalẹ̀ nípa ibi tó yẹ kí a ti eegun sí. Bí ojú eegun tó ń rìn bá jẹ́ kòtò, ibi tí eegun náà ń lọ gan-an ló ń yọ̀ sí; bí ó bá yọ roboto, òdìkejì ló ń yọ̀ sí. Ojúgun jẹ́ kòtò níbi tó ti pàdé eegun itan. Nítorí náà, bí orúnkún kò bá nà tán, oníṣègùn á ti ojúgun síwájú. Ìlànà yìí wúlò fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́, àmọ́ kò yẹ kí a sọ ọ́ di òfin. Ó ní kí a ti orí eegun apá síwájú fún ẹni tí kò lè yí apá rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kékeré kan tó jáde ní 2007 lórí àwọn tí ejìká wọn ti gan, àwọn tí wọ́n tì í sẹ́yìn fún ló sàn jù.

Ìpele Maitland

Maitland kọ́ àwọn oníṣẹ́ láti mọ bí agbára ọwọ́ wọn ṣe tó, kí wọ́n sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti tẹ̀ lé. Ní ìpele kìíní, ìmì náà, ìyẹn bí ọwọ́ ṣe ń ti eegun lọ tó sì ń bọ̀, kéré, kò sì kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ibi tí oríkèé lè lọ. Ní ìpele kejì ó gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n kò tíì kan ibi tó ti ń le. Ìpele kẹta gbòòrò bákan náà, ó sì ń wọ inú ibi tó le. Ìkẹrin kéré, àmọ́ òpin pátápátá ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìpele karùn-ún ni títì fìrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí aláìsàn kò lè dá dúró, tó sábà máa ń dún. Ìpele kìíní àti ìkejì wà fún ẹni tí ìrora ń dà láàmú. Ìkẹta àti ìkẹrin wà fún oríkèé tó gan.

Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án, á ti yẹ bí oríkèé ṣe ń yí wò, bóyá bí apá ṣe ga tó kó tó dunni. Á ṣe ìtọ́jú fún ìgbà díẹ̀, á tún yẹ ohun kan náà wò. Bí kò bá yí padà, á pààrọ̀ ibi tó ń tì tàbí agbára tó ń lò. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, àtúnyẹ̀wò yìí ju gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ tí Maitland fi sílẹ̀ lọ.

Ti Mulligan yàtọ̀ díẹ̀: aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń yí oríkèé náà nígbà tí oníṣègùn ń ti eegun. Fún ọrùn ẹsẹ̀ tó le lẹ́yìn tó ti fà, aláìsàn á dúró lórí ẹsẹ̀ náà, á fi orúnkún tẹ̀ síwájú, oníṣègùn á sì fi bẹ́líìtì fa ojúgun rẹ̀ síwájú. Kò gbọ́dọ̀ dunni rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Èrò àtijọ́ ni pé eegun kan ti yẹ̀, ọwọ́ sì ti dá a padà sáyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fi èrò yìí sílẹ̀. Ohun tó jọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé ìmì náà ń ránṣẹ́ gba inú iṣan ìmọ̀lára lọ sí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn àti ọpọlọ, ìrora á rọlẹ̀, àwọn iṣan tó ti fà le koko á sì dẹ̀. Níbi tí àpò tó bo oríkèé yí ká ti sún kì lóòótọ́, bí i ti ejìká tó gan, nínà lè kópa níbẹ̀.

Ariwo tó máa ń dún kì í ṣe ti eegun tó padà sáyè. Àwọn onímọ̀ ní Leeds sọ ní 1971 pé ìhó afẹ́fẹ́ nínú omi oríkèé ló ń bẹ́. Àmọ́ ní 2015, àwòrán MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ń fa ìka ọwọ́ fi hàn pé ìgbà tí àlàfo afẹ́fẹ́ ń là nínú omi oríkèé ni ariwo ń dún, kì í ṣe ìgbà tó ń bẹ́.

Ẹ̀rí

Fún ẹ̀yìn ríro, àǹfààní rẹ̀ kò ju ti àwọn ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ. Ìlànà ọdún 2016 láti ọ̀dọ̀ NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé kí wọ́n má lò ó láìfi eré ìdárayá kún un. Fún ejìká tó gan, ìwádìí kan ní Netherlands tó jáde ní 2006, tí ó gba 100 ènìyàn, fi hàn pé ìpele gíga dára ju ìpele kékeré lọ, àmọ́ ìyàtọ̀ náà kò pọ̀.

Ewu

Ara ríro fún ọjọ́ kan tàbí méjì wọ́pọ̀. Wọn kì í ṣe é níbi tí eegun ti ṣẹ́, tí àrùn jẹjẹrẹ wà, tàbí tí oríkèé ní kòkòrò. Títì fìrí kò sì yẹ ẹni tí eegun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́, tàbí ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí abẹ́ rẹ̀ ti kú tipiri tí kò sì lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kó lọ lójú ẹsẹ̀. Àrùn oríkèé rheumatoid àti àrùn Down lè mú kí òkè ọrùn dẹ̀ jù, nítorí náà a kì í ti ọrùn àwọn tó ní wọn fìrí.

Ọrùn ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lè ya, kó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ìgbà mìíràn, iṣan náà ti ń ya kí aláìsàn tó dé, ọrùn dídùn àti orí fífọ́ rẹ̀ ló sì gbé e wá. IFOMPT ti kọ ìlànà àyẹ̀wò fún èyí: bíbéèrè ìtàn àìsàn dáadáa, wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àti yíyẹ àwọn iṣan ìmọ̀lára ojú àti ahọ́n wò, kí ọwọ́ tó kan ọrùn.