Bí fáírọ́ọ̀sì flú bá pa ẹranko nínú láàbù, ṣé ó máa pa èèyàn náà ni?

Gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá jáde pé fáírọ́ọ̀sì flú kan pa gbogbo ẹranko tí wọ́n fi dán an wò, ẹ̀rù á bo àwọn èèyàn pé ó ń bọ̀ wá bá àwọn náà nìyẹn. Bí ìròyìn bá sì ní ẹranko kankan ò kú, wọ́n á ní a ti bọ́. Ó ń dùn mí, torí iṣẹ́ ribiribi ni àwọn ẹranko wọ̀nyẹn ń ṣe kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé ọwọ́ wa, ohun tí wọ́n sì ń sọ kọ́ là ń gbọ́.

Ẹ wo fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní PR8. Ara aláìsàn kan ní Puerto Rico ni wọ́n ti gbà á lọ́dún 1934. Wọ́n fi sí imú ẹranko kan, nígbà tí ìyẹn ṣàìsàn, wọ́n mú u láti inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sí imú òmíràn, léraléra, títí ara eku fi di ilé fún un. Lónìí, bíńtín nínú rẹ̀ ti tó láti pa eku láàbù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi sí imú àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn gbé ṣe. Bó ṣe ń mọ eku lára ló ń gbàgbé èèyàn. Apaeku yìí gan-an ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára flú tí wọ́n ń fi ẹyin adìẹ ṣe: mẹ́fà nínú ègé jíìnì (ìtọ́ni tó ń darí bí ohun alààyè ṣe ń rí) mẹ́jọ tí fáírọ́ọ̀sì inú àjẹsára náà ní máa ń wá láti ara PR8, torí ó ń pọ̀ sí i dáadáa nínú ẹyin. Méjì tó kù ni wọ́n ń mú lára flú tó wà níta.

Eku láàbù fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí eku igbó. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ Mx1 tó máa ń dí flú lọ́wọ́, ó wà lára ọ̀pọ̀ eku igbó, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́ lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú eku tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí. Olùṣèwádìí kan, Jean Lindenmann, ló kọ́kọ́ fura lọ́dún 1962, nígbà tó rí irú eku kan tí flú tó ń pa àwọn yòókù ò pa. Bí flú bá sì mú eku, kò ní sín, kò ní wúkọ́. Dípò kí ara rẹ̀ gbóná, ńṣe ló máa ń tutù. Á ká jọ sí igun àgò, irun rẹ̀ á dìde. Ìdí nìyí tí olùṣèwádìí fi ń gbé e sórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Bí eku tó wọn gíráàmù 20 bá fà wálẹ̀ sí 15, ọ̀pọ̀ láàbù kì í jẹ́ kó jìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á pa á. Nínú ìwé ìwádìí, òun náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí fáírọ́ọ̀sì pa.

Fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ oníirun kan tó ń jẹ ẹran, sún mọ́ wa ju eku lọ. Irú ṣúgà tí flú èèyàn máa ń dì mọ́ nínú imú àti ọ̀fun wa wà nínú tirẹ̀ náà. Ara rẹ̀ lọ́dún 1933, ní ìlú London, ni Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw ti fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa flú èèyàn. Ó ń ní ibà, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó sì ń sín. Lọ́dún 1936, wọ́n ròyìn pé olùṣèwádìí kan kó flú lára fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó ń ṣàìsàn.

Síbẹ̀, lọ́dún 2024, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì H5N1, irú flú ẹyẹ kan, lára òṣìṣẹ́ oko màálù kan ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ẹyinjú rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ sì yá lẹ́yìn náà. Àwọn olùṣèwádìí CDC, àjọ tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fi fáírọ́ọ̀sì yẹn kan náà sí imú fẹ́rẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú. Ti H7N9, irú flú ẹyẹ mìíràn, ní Ṣáínà lọ́dún 2013 wá dojú rú pátápátá: adìẹ tó ní in lára ń jẹ, ó ń mu, kò sí àpẹẹrẹ àìsàn kankan, àmọ́ nínú àwọn èèyàn tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ti mú, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó kú.

Kí wá ni ẹranko ń sọ fún wa? Ó ń sọ flú tó le ju èkejì lọ bí wọ́n bá kó méjèèjì sára irú ẹranko kan náà, ní ìwọ̀n kan náà. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an. Bí wọ́n bá fẹ́ fi H5N1 ṣe àjẹsára, wọ́n á kọ́kọ́ gé ibi tó ń jẹ́ kó tàn ká gbogbo ara adìẹ kúrò, wọ́n á sì fi èyí tí wọ́n tún ṣe yẹn sára fẹ́rẹ́ẹ̀tì láti rí i pé kò le tó ìyá rẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí iléeṣẹ́ gbà á. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ́ẹ̀tì tí flú ti mú, tí ohun tí ara rẹ̀ fi ń bá flú jà wà nínú rẹ̀, tún wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò nígbà tí wọ́n bá ń yan flú tí àjẹsára máa dojú kọ, nínú oṣù kejì àti oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún. Àmọ́ fẹ́rẹ́ẹ̀tì inú láàbù kò tíì ní flú rí kí wọ́n tó fi sí i lára, àgbàlagbà èèyàn sì ti ní in láìmọye ìgbà látìgbà èwe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn náà wò mọ́ ti fẹ́rẹ́ẹ̀tì.