Ẹ yéé sọ láìnì nù, ẹ pọ́ọ̀tù ẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bá a ṣe jáde nínú ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa n'Íbàdàn báyìí, bàbá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kó fóònù méjì jáde lápò agbádá, síìmù méjì-méjì ló wà nínú wọn. Ó ní, "Ẹnjiníà, nínú olè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo ni olè tiẹ̀ kéré jù?"

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ inú tún ń bí mi díẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ másìtì, mo ti gun èyí tó wà lórí àpáta, mo ti sùn sínú mọ́tò ní Ṣakí nítorí jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí ò dáhùn, síbẹ̀ kò síbi tí mo dé tí wọn ò ní gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ bí ẹni pé èmi ni mo jẹ dátà wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì o, ilé òkú o, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ náà ò gbẹ́yìn. Tí mo bá wá bi wọ́n pé kí lẹ ṣe sí i, èsì kan náà ni: mo bínú, mo yọ síìmù ẹ̀ jù sínú dúrọ́ọ̀, mo ra òmíì.

Dúrọ́ọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí lónìí. Dípò kẹ́ ẹ jù ú síbẹ̀, ẹ pọ́ọ̀tù ẹ̀, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ gbé nọ́ńbà yín lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì.

Mi ò ráyè àlàyé NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, àti bí wọ́n ṣe dá NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, sílẹ̀ ní 1992, ìyẹn ò ṣòro, ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún mọ̀ ọ́n, ọmọdé lè bi bàbá ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni 2001 tí Econet àti MTN gbé GSM wọlé, 285 mílíọ̀nù dọ́là ni ìwé àṣẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, 50 náírà ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ wa fún ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá pe ìyàwó yín pé "mo ti dé Ọjọ́ta o" tẹ́ ẹ sì gé e, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré, 50 náírà ti lọ nìyẹn. Àwọn èèyàn pariwo pé ẹ kà á ní ìṣẹ́jú àáyá fún wa, wọ́n ní ẹ̀rọ ò tíì lè ṣe é, ó di ọjọ́ iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mo mọ inú ẹ̀rọ yẹn, ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń ka gbogbo ìpè látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn tó bá kà á tán ni wọ́n tó ń sọ ọ́ di odindi ìṣẹ́jú. Ní September 2003 àwọn èèyàn tiẹ̀ pa fóònù fún odindi ọjọ́ kan láti fi ẹ̀hónú hàn. Ó dáa, wọ́n gbìyànjú. Àmọ́ ohun tó ṣiṣẹ́ gan-an ni pé Glo ti wọlé ní August ọdún yẹn, àtọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá, làwọn èèyàn bá ń dìde lọ síbẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ẹ̀rọ àwọn tó kù tí ò lè kà á náà kọ́ ìṣirò lójijì.

Ṣẹ́ ẹ rí ibi tí mo ń lọ? Àwọn èèyàn dìde ni. NCC lè fún ilé iṣẹ́ mẹ́wàá níwèé àṣẹ, tẹ́nikẹ́ni ò bá lè kúrò níbi tó wà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á máa ṣe é bó ṣe wù wọ́n.

Okùn méjì ni wọ́n fi so wá mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà, torí pé tó o bá fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, o fi nọ́ńbà sílẹ̀ nìyẹn, gbogbo oníbàárà ẹ á máa pe ẹni tí ò sí. Èkejì ni owó ìpè, kí wọ́n jẹ́ kí ìpè tó wà láàárín ara wọn rọjú kí èyí tó ń jáde síta gbówó lórí, nítorí náà tí ẹ̀gbọ́n bá wà níbì kan, àbúrò á lọ bá a, màmá á lọ bá wọn, gbogbo ẹbí á kó síbẹ̀, ẹni tó tóbi á túbọ̀ máa tóbi, kì í ṣe pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ dáa jù o. Ọdún 2013 ni NCC yọ ọ̀bẹ sí okùn méjèèjì. Ní April, wọ́n ní ẹ lè gbé nọ́ńbà yín lọ síbi tó bá wù yín, ọdún yẹn náà ni wọ́n kéde pé MTN ti jọba lórí ọjà ìpè, kó yáa sọ owó ìpè inú àti ti òde di iye kan náà.

Lónìí ńkọ́? MTN nìkan mú ju ìdajì ọjà lọ, ẹ fi ti Airtel kún un, ó ti ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Etisalat tó ní ju 20 mílíọ̀nù láìnì lọ nígbà kan, gbèsè 1.2 bílíọ̀nù dọ́là tó yá lọ́wọ́ àwọn báńkì ló dá a dùbúlẹ̀ ní 2017, ó di 9mobile, ó tún ti di T2, àwọn tó kù síbẹ̀ ò tó 4 mílíọ̀nù. Ọjà ti fẹ́ẹ̀ di ti ẹni méjì. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin wá ń ra síìmù kẹrin.

Pọ́ọ̀tù ò le. Ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun lẹ máa lọ, kì í ṣe ti àtijọ́, ti àtijọ́ á kàn máa bẹ̀ yín ni. Ẹ mú NIN dání. Orúkọ tó wà lórí láìnì gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín, kì í ṣe ti ọmọ yín tó bá yín rẹ́jísítà lọ́jọ́ kìíní àná, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi PORT ránṣẹ́ sí 3232 látorí láìnì àtijọ́, ẹ má tíì yọ ọ́ o. Owó tó bá kù lórí ẹ̀ ò ní tẹ̀ lé yín, ẹ yáa fi kí àwọn àna yín. Ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà ò ní yí padà, báńkì ò ní mọ̀ pé ẹ kó lọ. Ìdí nìyẹn tí 0803 fi lè wà lórí Airtel lónìí, ẹ yéé fi iwájú nọ́ńbà mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tó bá jẹ́ wọ́n ṣẹ̀ yín ni, tẹ́ ẹ ò fẹ́ lọ, ẹ pe 300, ìyẹn nọ́ńbà àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, tí wọn ò bá ṣe é, ẹ pe NCC ní 622, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ẹni tí ò gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kò tíì fẹjọ́ sùn, ariwo ló pa.

Àmọ́ ẹ má gbé e fún àwọn ọmọ abẹ́ ńbúrẹ́là tó ń ta síìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo rí ọ̀kan ní Ìwó Róòdù tó kọ "PORT 2,000" gàdàgbà sórí páálí. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́! Owó yẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí nínú jẹ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹ̀ka, wọ́n á ní "kò gbà, mọ́mì, ẹ tún un tẹ̀." Ìtẹ̀ka kejì yẹn, síìmù ẹlòmíì ló wà fún, gbájúẹ̀ lè máa fi orúkọ yín jẹun lórí ẹ̀. Ìjọba ò kà á sí eré o, ní 2015 NCC ní kí MTN san 200,000 náírà lórí síìmù kọ̀ọ̀kan tí ò ní ìforúkọsílẹ̀ tó péye, síìmù 5.2 mílíọ̀nù, ẹ ṣírò ẹ̀, ó ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ, kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ wá sí 330 bílíọ̀nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé másìtì ń fa àrùn, mi ò ní èsì kankan fún yín. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ní 2004 pé nọ́ńbà kan wà tó ń pa ẹni tó bá gbé e, ní 2020 ẹ ní 5G ló fa Kòrónà. A fẹ́ gbé másìtì sí àdúgbò kan, àwọn ará ibẹ̀ lé wa, oṣù kẹta wọ́n ń bi mi pé kí ló dé tí sígínà ò wọ yàrá wọn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó ń jẹ́ kí dúrọ́ọ̀ yẹn máa bà mí lẹ́rù. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, oníbàárà ìyàwó mi ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bí i nínú, ó yọ síìmù ẹ̀, ó ra òmíì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ò mọ̀ ni pé tẹ́ ẹ ò bá fi láìnì náwó kankan fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè ti í, tó bá tún lo oṣù mẹ́fà míì bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n á tà á fún ẹlòmíì. Kì í ṣe olè, òfin ni. Ìyá gbàgbé. Báńkì ò gbàgbé, nọ́ńbà àtijọ́ ló wà nínú ìwé wọn, gbogbo álẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé fún un, ọmọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí ló ń kà á. Ó kọ́kọ́ ń pa á rẹ́ ni o, ó ní òun rò pé wọ́n ṣì í rán ni. Ìgbà tó yá, Èṣù tì í. Ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù tuntun, OTP, kóòdù tí báńkì fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin ni, wọlé sọ́dọ̀ ẹ̀, 340,000 náírà lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n rí ọmọ náà mú, torí NIN ti jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ gangan wà lórí síìmù, àmọ́ owó ti tán, ìyá náà sì lo oṣù mẹ́rin láàárín báńkì àti àgọ́ ọlọ́pàá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn.

Ìtàn yìí ni mo sọ fún bàbá olófóònù méjì yẹn níwájú gbọ̀ngàn. Mo wá bi í pé, "Bàbá, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo ni báńkì yín mọ̀?"

Wọ́n yí àwọn fóònù náà síwá sẹ́yìn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní kò sí nínú àwọn tó wà níbí, ìyẹn wà nílé, inú dúrọ́ọ̀.