Ta Ló Kọ́kọ́ Ya Ìgbín Òkun Tó Jọra Sọ́tọ̀?

Wọ́n á ní Linnaeus ni, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, ní 1758, torí òun ló sọ àwọn ìgbín òkun aláìníkarahun kan ní Doris. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Kí ọ̀mọ̀wé tó sọ ẹ̀dá inú omi lórúkọ, apẹja ti fojú yà á. Ẹ gbé ẹja méjì tó jọ àrọ̀ síwájú ìyá ẹlẹ́ja lọ́jà Olúwo. Kò ní wo orí; ẹ̀yìn ni yóò yẹ̀ wò. Bí lẹbẹ ẹ̀yìn bá gùn títí dé ìdí ìrù, àrọ̀ ni. Bó bá tètè dá, tí lẹbẹ ọlọ́ràá tẹ̀lé e, ìbátan àrọ̀ ni, ẹ ò sì lè fi rẹ́ ẹ jẹ.

Èrò tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókun tútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nọ́wè. Ìgbín aláìníkarahun yìí, tí òmíràn ò tó ìka ọwọ́, ń lẹ̀ mọ́ koríko òkun, àwọ̀n sì ń wọ́ ọ wá. Apẹja tó ń tú àwọ̀n láàárọ̀ á ti mọ̀ tipẹ́ pé oníwo mẹ́rin kì í ṣe oníwo mẹ́jọ, á kàn jù ú padà sómi ni, torí kò ṣeé tà. Ta ni ì bá kọ ọ́ sílẹ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé ńkọ́? Inú ọtí ni wọ́n ń rì í sí. Àwọ̀ rẹ̀ a ṣí, ara rẹ̀ a súnkì.

Àwọn tí mo júbà ni Alder àti Hancock, ará Newcastle, tí wọ́n ya àwòrán wọn láàyè tàwọ̀-tàwọ̀ nínú ìwé tó jáde láti 1845 sí 1855. (Àárín ìgbà yẹn, ní 1851, làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó, tó fi wá tẹ̀dó sọ́dọ̀ wa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kan ń ya àwòrán ìgbín, èkejì ń yìnbọn.)

Müller, ọ̀mọ̀wé ará Denmark, ti sọ ọ̀kan nínú àwọn ìgbín yìí, Polycera quadrilineata, lórúkọ ní 1776: ara funfun, àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè, ìwo mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà níwájú orí. Ó di 1929 kí Lemche, ọ̀mọ̀wé ará Denmark mìíràn, tó ya ìbátan rẹ̀, Polycera faeroensis, sọ́tọ̀: ìwo mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ò sì lábàwọ́n.

Àwọn kan ń pariwo pé Cousteau àti Gagnan, tó ṣe ẹ̀rọ ìmí àwọn amòòkùn ní 1943, ló jẹ́ ká lè wò wọ́n lábẹ́ omi. Ó dáa. Lẹ́yìn náà kámẹ́rà dé, íntánẹ́ẹ̀tì dé, DNA dé, tó fi hàn ní 2020 pé òmíràn, Polycera norvegica, ti ń fara pamọ́ sáàárín quadrilineata. Ìyẹn nìkan ni mo gbà pé ojú apẹja ò lè dá rí.